Ohun tí ojú mi rí nídìí Mustang 1966

Ní oṣù tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ọ̀fà wá bá mi nílé ní Tanke, nílùú Ìlọrin. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ kan wà lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀, ó sì fẹ́ jí i dìde. Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, èló ni yóò ná mi?" N kò sọ iye owó fún un. Mo mú un lọ síbi tí mo gbé ọkọ̀ tèmi sí, mo ní kó dọ̀bálẹ̀ kó wo abẹ́ rẹ̀, mo sì fi ibi tí mo ti gé e, tí mo jó o padà, tí mo tún gé e, hàn án. Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí, torí mo mọ̀ pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣì wà nínú agbo ilé púpọ̀, àwọn ọmọ sì ti dàgbà tí ọwọ́ ń yún wọn.

Àbúrò bàbá mi ló ni ọkọ̀ náà. Amẹ́ríkà ló ti kàwé, ó sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé Mustang tí ilé iṣẹ́ Ford ṣe yìí wálé lọ́dún 1974, ọdún méjì lẹ́yìn tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ lápá ọ̀tún. Àwa ọmọdé Àjàṣẹ́-Ìpo a máa gbọ́ ohùn rẹ̀ láti oríta kó tó yọ sí wa. Lọ́dún 1991 ó dákẹ́, wọ́n tì í sábẹ́ igi máńgòrò, ibẹ̀ ló sì wà títí Bàbá fi jáde láyé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, ìyàwó rẹ̀, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, pè mí sẹ́yìn ilé. Ó ní, "Bí o bá lè gbé e kúrò níbẹ̀ kó má jẹrà lójú mi, gbé e lọ." Ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n mí. Mo gbé e sórí ọkọ̀ akẹ́rù wá sí Ìlọrin lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.

Olùkọ́ físíìsì ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama. Mo rò pé ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa agbára àti ìwúwo kò lè ṣìnà púpọ̀ nídìí ọkọ̀.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni pé mo náwó kí n tó wádìí. "Mustang 68" ni gbogbo ẹbí ń pè é, torí ọdún 1968 ni Bàbá rà á lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ lò ó. Mo bẹ ìbátan wa kan tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ó ra iná ẹ̀yìn, róbà ilẹ̀kùn àti róbà gíláàsì iwájú ti 1968 ránṣẹ́ sí mi. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi wà lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n dé, ẹyọ kan kò wọlé nínú wọn. Ọdún 1967 ni Ford sọ ara Mustang di ńlá, èyí tó ṣe lẹ́yìn ìgbà náà kò sì bá ti ìṣáájú dọ́gba.

Ìgbà yẹn ni mo tó wá nọ́ḿbà ọkọ̀ náà lọ. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, lára irin ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì lápá awakọ̀. Mo fi kẹrosíìnì nu ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò. 6 ló bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ọdún 1966. F tẹ̀lé e, ìyẹn ni pé Dearborn ní ìpínlẹ̀ Michigan ni wọ́n ti tò ó. 07 jẹ́ ti ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ irin tí kì í ká. C ni ẹ́ńjìnì: V8, ìyẹn onísílíńdà mẹ́jọ, tí wọ́n ń pè ní 289, tó tó nǹkan bí lítà 4.7, tí kábúrétọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́nu méjì. Bí mo bá ti ka àmì márùn-ún yẹn lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dé, owó oṣù méjì mi ì bá ṣì wà lápò. Ohun tó tù mí nínú ni pé Mustang tí Ford ṣe ní 1966 nìkan lé ní 600,000, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣì ń ṣe pátì tuntun fún un ní Amẹ́ríkà títí dòní. Bí tìrẹ bá jẹ́ irú ọkọ̀ tí wọn kò ṣe púpọ̀, kọ́kọ́ wádìí bóyá pátì rẹ̀ wà, kí o tó tú nọ́ọ̀tì kan lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tì náà tó ohun tí mo gbọ́dọ̀ dúró lé lórí. Mílímítà ni gbogbo sípánà tí mo ní, bíi ti ẹnikẹ́ni tó ń tún Toyota ṣe. Íǹṣì ni ọkọ̀ yìí. Nọ́ọ̀tì ìdajì íǹṣì jẹ́ mílímítà 12.7. Sípánà 13 á wọ̀ ọ́, ọwọ́ rẹ á sì sọ fún ọ pé ó mú un. Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀tì náà bá ti gan fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, àlàfo kékeré yẹn tó láti bó gbogbo igun rẹ̀ di róbótó. Mọ́kànlá ni mo bà jẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n tó gbà pé ọwọ́ mi ni ẹ̀bi wà. Àgbà mẹkáníìkì kan ládùúgbò Ìpàta, tó ti fi èwe rẹ̀ tún lọ́rì Bedford ṣe, ló gbà mí. Inú aṣọ ló wé sípánà oníìíǹṣì rẹ̀ sí, epo ṣì wà lára wọn. Ó ní, "Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ẹni tó máa bi mí léèrè wọn." Òun ló kọ́ mi pé nọ́ọ̀tì tó bá gan, a kì í bá a jà: a ó fi iná mú un gbóná, a ó jẹ́ kó tutù, a ó ta epo sí i, a ó sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Èyí tó pọ̀ jù ló máa ń gbọ́ràn.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ara ọkọ̀. Òtítọ́ ni pé mo fẹ́ kó dára lójú kíákíá, kí Màmá lè rí fọ́tò rẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì bítà tí mo gbé e fún fi fíláà dí gbogbo ojú ihò, ó kùn ún ní pupa, ọkọ̀ sì ń dán. Kí òjò ọdún náà tó dá, ọ̀dà ti ń wú bí ara tí oówo ń sọ. Bí a bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ìpẹtà á máa dà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Mo bínú sí ọkùnrin náà fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yá ni mo rántí pé èmi ni mo sọ fún un pé kó má gé nǹkan kan, kó kàn dí i.

Ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì wo ibi tí omi ti ń wọlé. Lábẹ́ wáípà, níwájú gíláàsì, ojú ihò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ wà lára Mustang ìgbà náà tí atẹ́gùn ń gbà wọ inú ọkọ̀. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ihò náà dà bí àpótí irin tí wọ́n jó pa, ojú kò lè rí inú rẹ̀. Gbogbo ọdún tí ọkọ̀ fi wà lábẹ́ máńgòrò, ewé ń já sínú ibẹ̀, ewé ń gba omi dúró, irin sì ń jẹrà láti inú bọ̀ síta. Omi tó bá jò níbẹ̀, orí ilẹ̀ ọkọ̀ ló ń kán sí, lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní wò. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ra ọ̀dà, ẹ bu omi sínú garawa kan, ẹ rọra dà á sójú ihò yẹn, kí ẹnì kan wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì tó ń wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, lẹ́yìn táyà iwájú, ló yẹ kí omi gbà jáde. Bó bá yọ sí ibi ẹsẹ̀ awakọ̀, ẹ ti mọ ibi tí iṣẹ́ yín wà.

Ó wá kan ohun tó dùn mí jù.

Ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé tí wọ́n ti ilé ìwé pa, mo ra gíráńdà. Mo gbé ọkọ̀ náà sórí ìtì igi níwájú àti lẹ́yìn. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, mo ti gé ilẹ̀ apá ọ̀tún, mo ti gé ti òsì, mo sì ti gé irin tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn méjèèjì. Inú mi ń dùn, torí bí irin jíjẹrà ṣe ń kúrò, ó dà bí ẹni pé mo ń wo aláìsàn sàn. Mo gbàgbé pé Mustang kò ní ṣáàsì tó dá dúró bíi ti lọ́rì. Ara rẹ̀ ni ṣáàsì rẹ̀. Ilẹ̀ yẹn àti irin ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ni ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn ló so iwájú mọ́ ẹ̀yìn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn awakọ̀, ó kọ̀. Mo tún tì í, ó padà. Mo bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo rí i pé àlàfo òkè ti fún pọ̀, ti ìsàlẹ̀ sì ti fẹ̀. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n: ó ti fi mílímítà méjìlá yẹ̀. Àárín ọkọ̀ ti rì sílẹ̀ bí bẹ́ẹ̀dì tí sípíríǹgì rẹ̀ ti kú. Èmi tí mo ń ya ọ̀pá tó tẹ̀ lábẹ́ ẹrù sójú pátákó fún àwọn ọmọ lọ́dọọdún! Mo jókòó sílẹ̀ nínú eruku irin. Ìyàwó mi gbé omi wá, kò sọ nǹkan kan, ó jókòó tì mí títí oòrùn fi kan òkè. N kò fọwọ́ kan ọkọ̀ náà fún oṣù méjì lẹ́yìn ọjọ́ náà. Bí mo bá ń kọjá lójú fèrèsé, màá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi dá a padà. Mo fi jáàkì sí àárín, mo ń gbé e sókè ní mílímítà kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan, màá wọ̀n ọ́n láti igun sí igun, màá fi í sílẹ̀ kó sùn bẹ́ẹ̀, màá tún padà síbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀kùn wá dọ́gba, mo bẹ wẹ́dà kan, ó jó ọ̀pá irin sójú ilẹ̀kùn méjèèjì, láti òpó iwájú dé òpó ẹ̀yìn. Ọ̀pá yẹn ló yẹ kó ṣáájú gíráńdà. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí: ẹ jó ọ̀pá mọ́ ọn kó má lè fẹ̀, kó má sì lè fún, ẹ gbé e ka orí ìdúró irin níbi tí àwọn táyà ti ń gbé ìwúwo rẹ̀, kì í ṣe ní ìkángun, ẹ wọn gbogbo igun, ẹ kọ ọ́ sára ògiri níbi tí òjò kò ní pa á rẹ́. Ẹ wá gé apá kan ṣoṣo. Ẹ jó irin tuntun sí i tán pátápátá kí ẹ tó wo apá kejì. Kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta.

Àgbà mẹkáníìkì Ìpàta ló tún ní kí n yọ táńkì epo kí wẹ́dà tó tan iná. N kò mọ̀ rárá pé ojú òkè táńkì gan-an ni ilẹ̀ búùtù nínú Mustang yìí. Epo bẹntiróòlù tó wà nínú rẹ̀ ti gan bí oje igi, mo sì rò pé kò lè gbaná mọ́. Àgbà náà ní oru tó ń tú jáde lára rẹ̀ ló ń pani, kì í ṣe epo fúnra rẹ̀. Ẹ yọ táńkì, ẹ gbé e jìnnà sí ilé, kí ẹ tó pe wẹ́dà.

Ẹ́ńjìnì kò yọ mí lẹ́nu tó bí mo ṣe rò. Ó ti gan, a bu dísẹ́ẹ̀lì àti epo jíà sínú ihò plọ́ọ̀gì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, a fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a fi ọ̀pá gígùn rọra yí i títí ó fi gbà. Àṣìṣe tèmi níbẹ̀ ni pé mo wo fídíò kan, mo sì tẹ̀lé bí wọ́n ṣe to wáyà plọ́ọ̀gì nínú rẹ̀, ìyẹn bí iná ṣe ń tan nínú sílíńdà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: 1-3-7-2-6-5-4-8. Ford V8 ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó dé lẹ́yìn ni. Nígbà tí mo yí kọ́kọ́rọ́, iná ré jáde lẹ́nu kábúrétọ̀, ó jó fílítà atẹ́gùn, irun ọwọ́ mi sì lọ pẹ̀lú rẹ̀. Yanrìn tó wà nítòsí la fi pa á. 1-5-4-2-6-3-7-8 ni ti 289. Nígbà tí mo fọ ẹ́ńjìnì náà dáadáa, mo rí i pé wọ́n ti dà á mọ́ irin tí kábúrétọ̀ jókòó lé. Gbogbo ìgbà ló wà níbẹ̀, ẹrẹ̀ ló bò ó. Láti ìgbà yẹn, fífọ̀ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun.

Ìparí 2022 ló tó rìn. Ó yẹ kí n sọ ohun tí mo kọ́kọ́ rà nígbà tó rìn: sàlẹ́ńsà. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn oríta Àjàṣẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ní oṣù kìíní ọdún 2023, nínú ọyẹ́, mo gbé ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí a yí àdúgbò ká. A dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí kò ga rárá, mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi sì wọlé dé ilẹ̀. Kò sí ohun tó dá a dúró. Ọlọ́kadà méjì wà níwájú mi. Mo já jíà sí L, ìyẹn èyí tó kéré jù, mo fi ọwọ́ òsì fa bíréèkì ọwọ́ tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, mo sì yí orí ọkọ̀ sínú òkìtì yanrìn àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù. Ó dúró. Ọmọ mi fi ẹnu gbá dáṣíbọ́ọ̀dù, ètè rẹ̀ là, torí kò so bẹ́líìtì. Èmi ni n kò fi bẹ́líìtì kankan sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Ó ń wò mí, kò sunkún. Títí di òní, ìwò yẹn kò tíì kúrò lójú mi.

Róbà tó ń gbé epo bíréèkì lọ sí táyà iwájú ọ̀tún ló bẹ́. Mo ti wò ó tẹ́lẹ̀, kò sán lóde, mo sì fi í sílẹ̀. Inú rẹ̀ ló ti kú. Nínú Mustang 1966, ọ̀nà kan ṣoṣo ni epo bíréèkì ń gbà lọ sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ibì kan bá bẹ́, gbogbo rẹ̀ lọ. Láti 1967 ni Ford ti pín in sí méjì, kí ti iwájú má baà kó bá ti ẹ̀yìn. Bíréèkì ọwọ́ ló ṣẹ́kù fún mi, torí wáyà ló ń lò, kì í ṣe epo. Róbà mẹ́ta péré ni ọkọ̀ náà ní, owó sàlẹ́ńsà yẹn ì bá ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó sì ṣẹ́kù.

Mo pinnu pé màá fi máásítà oníméjì, ìyẹn ohun tó ń ti epo bíréèkì lọ sí táyà, sí i, pẹ̀lú dísìkì níwájú dípò dúróòmù. Mo ń tọ́jú owó lọ́wọ́ nígbà tí ìjọba já owó náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023. Dọ́là tí kò tó 480 náírà lọ́wọ́ ìjọba níbẹ̀rẹ̀ oṣù náà ti kọjá 850 kí ọdún tó parí. Ohun tí mo lè rà ní oṣù karùn-ún di èyí tí mo ń fi gbogbo ọdún lépa. Ọkọ̀ náà dúró títí mo fi rà á. Ọmọ mi béèrè ìgbà tí a máa tún jáde, mo ní kó ní sùúrù.

Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló sọ fún mi pé, "Alàgbà, ẹ yọ ẹ́ńjìnì yìí, ẹ fi ti Toyota sí i, ẹ ó sinmi." Wọn kò parọ́. Pátì Toyota wà ní àdúgbò Táíwò ní Ìlọrin níbí, ó sì ń mu epo díẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó wọlé, a gbọ́dọ̀ gé ìjókòó ẹ́ńjìnì, a gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà fún jíà, a gbọ́dọ̀ tún gé ilẹ̀ láàárín. Mo ti mọ ohun tí gígé ń ṣe. Ohun tí mo yí padà kò pọ̀, kò sì sí èyí tí mo gé irin nítorí rẹ̀: mo yọ kọ́ńtáàtì inú disitirabútọ̀, ohun tó ń pín iná fún plọ́ọ̀gì, mo fi ti ẹ̀lẹ́kítíróńíìkì sí i, torí eruku ọyẹ́ ń mú kọ́ńtáàtì jó; mo fi rédíétọ̀ tó nípọn jù sí i nítorí ooru oṣù kẹta; mo sún páìpù epo jìnnà sí ẹ́ńjìnì, torí epo ń hó nínú rẹ̀ nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ, ọkọ̀ á sì kú lójú títì. Mo so bẹ́líìtì tó ń gba èjìká kọjá sí ìjókòó iwájú méjèèjì. Mo tún yọ sàlẹ́ńsà náà, mo tà á, mo fi owó rẹ̀ kún ti dísìkì.

Ọ̀dà rẹ̀ kò tíì dé. Àwọ̀ ilẹ̀ pupa ti práímà ló ṣì wà lára rẹ̀, èmi náà kò sì kánjú mọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún tó kọjá, lẹ́yìn tí mo ti fi oṣù mẹ́ta dán bíréèkì wò ní pápá ilé ìwé, mo wà á lọ sí Àjàṣẹ́. Ọmọ mi wà lẹ́yìn. Màmá jáde, ó yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀mejì, ó fọwọ́ kan ibi tí mo ti jó irin, ó ní, "Ohùn rẹ̀ ti rọ̀." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ó jókòó síwájú, mo so bẹ́líìtì fún un, mo fẹ́ bá a ti ilẹ̀kùn. Ó ní kí n fi í sílẹ̀, òun mọ bí wọ́n ṣe ń tì í. Ó fà á mọ́ra lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì tì.